Ẹ Gbé Àga fún Ẹni Tó Ń Bójú Tó Owó Orí Ilé-Iṣẹ́ Yín

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Ìkẹjà, ní Ọ̀tà, ní Àgbárá àti ní Ìbàdàn, ìbéèrè kan ni mo ní fún yín. Nígbà tí ẹ jókòó kẹ́yìn láti buwọ́ lu àdéhùn ọjà ńlá, níbo ni ẹni tó ń bójú tó owó orí yín wà? Níbo ni ẹni tó ń bá àwọn aṣọ́bodè sọ̀rọ̀ lórí ẹrù yín wà? Ọ̀gá àwọn òǹtajà wà níbẹ̀. Agbẹjọ́rò wà níbẹ̀. Ayàwòrán pàápàá wà níbẹ̀, nítorí a rí fọ́tò yín nínú ìwé ìròyìn. Àwọn méjì tí mo ń bèèrè yìí, ó di ìgbà tí yíǹkì ti gbẹ lórí ìwé kí wọ́n tó gbọ́ pé ilé-iṣẹ́ ti ra ẹ̀rọ láti Ṣáínà, tàbí pé ó ti gba iṣẹ́ fún ẹni tí kò ní nọ́ńbà owó orí. Nígbà náà ni wọ́n á wá sọ fún wọn pé, "Ẹ lọ ṣètò rẹ̀."

"Ẹ lọ ṣètò rẹ̀." Gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ bá jà lónìí.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ ìròyìn ọrọ̀ ajé fún ìwé ìròyìn kí n tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. N kò rántí ọjọ́ kan tí ilé-iṣẹ́ kankan fi olórí ẹ̀ka owó orí rẹ̀ hàn wá níbi ìpàdé àwọn oníròyìn. Ọjọ́ tí a máa ń rí irú wọn ni ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá wá fi àgádágodo ti ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n lẹ ìwé pupa mọ́ ọn. Lọ́jọ́ náà, wọ́n á ti ẹnì kan jáde pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ abíyá, tí òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, pé kí ó wá ṣàlàyé ìpinnu tí a ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí àṣà yìí má pa ilé-iṣẹ́ lára púpọ̀ láyé àtijọ́. VAT tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1994 dúró sórí 5% fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Akáǹtáǹtì kan tó mọ ìwé kíkún, pẹ̀lú ejẹ́ǹtì kan tó mọ ọ̀nà ní èbúté Àpápá, lè gbé ilé-iṣẹ́ kan dé ìparí ọdún láìsí ariwo. Ẹni tó mọ ẹnìkan nínú ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n ń pè ní ẹni tó mọṣẹ́. Ayé náà ti lọ. VAT di 7.5% ní oṣù Kejì ọdún 2020. Láti ìgbà náà ni òfin ìnáwó ti ń gorí ara wọn, a sì tún gbọ́ ìlànà tuntun lórí owó orí tí a ń yọ sílẹ̀ lára owó iṣẹ́ àgbàṣe. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin owó orí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọjọ́ kìíní, oṣù Kìíní, ọdún 2026 ni wọ́n fi ìbẹ̀rẹ̀ wọn sí. Àjọ FIRS di Nigeria Revenue Service. Iṣẹ́ àwọn méjì tí mo ń sọ yìí ti fẹ̀ bí òkun. Àga tí ẹ fún wọn ṣì jẹ́ àpótí ìjókòó tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ẹ jẹ́ ká mú ohun kan péré nínú ẹrù náà, kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Láti ọdún 2025 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ọjà tí wọ́n ń tà lọ́dún bá tó ₦5 bílíọ̀nù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pé ìwé owó ọjà wọn, èyí tí àwọn ará ọjà ń pè ní íńfọ́ìsì, gbọ́dọ̀ máa gba orí kọ̀ǹpútà ìjọba kọjá, kí ó gba nọ́ńbà àti àmì ìdánimọ̀. Oṣù Kẹjọ ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Nígbà tí wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ kò tíì múra, wọ́n fi oore-ọ̀fẹ́ kún un di oṣù Kọkànlá. Tẹ́lẹ̀, bí akọ̀wé ìtajà bá kọ iye tí kò tọ́, akáǹtáǹtì á rí i nígbà tó bá ń pa ìwé oṣù dé, á sì tún un ṣe kí ọjọ́ 21 oṣù kejì, tí ìwé VAT gbọ́dọ̀ wọlé, tó pé. Ó ní àkókò fún àṣìṣe. Ní báyìí, ìwé náà ti wà lójú ìjọba kí ọkọ̀ tó ru ọjà náà tó dé Ìlọrin.

Ohun tó túmọ̀ sí nìyí: ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń tẹ ìwé owó ọjà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìkẹ́rù yín ní Ọ̀tà ti di òṣìṣẹ́ owó orí, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Orúkọ oníbàárà, nọ́ńbà owó orí rẹ̀, irú ọjà tó rà, iye VAT tó wà lórí rẹ̀: ẹnìkan gbọ́dọ̀ ti pinnu gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó tó tẹ bọ́tìnì. Òfin tuntun fi oúnjẹ tí a ń jẹ lójoojúmọ́ àti oògùn sí 0%. Ilé-iṣẹ́ tó bá ń ta oúnjẹ àti ọṣẹ lábẹ́ òrùlé kan gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀ lórí ìwé kan náà, lójú ẹsẹ̀, ní ìgbà ẹgbẹ̀rún lọ́jọ́. Ta ló kọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin yìí? Ta ló ní àṣẹ láti sọ fún ọ̀gá ìtajà pé ọkọ̀ yìí kò gbọdọ̀ gbéra títí ìwé rẹ̀ yóò fi tọ́? Bí ẹni tó ń bójú tó owó orí kò bá ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ òǹwòran ni ẹ gbé fún un.

Kí ni àwọn ọ̀gá ṣe nígbà tí ẹrù yìí dé? Ọ̀pọ̀ nínú wọn sáré lọ ra ètò kọ̀ǹpútà. Wọ́n náwó, wọ́n ṣe ayẹyẹ ìfilọ́lẹ̀, wọ́n gé kéèkì. Ètò kọ̀ǹpútà dára, kò sì sí bí a ṣe lè ṣe é láìsí i mọ́. Àmọ́ kọ̀ǹpútà kò mọ̀ bóyá ọjà yín jẹ́ oúnjẹ tàbí kì í ṣe oúnjẹ. Ohun tí ẹ bá sọ fún un ni yóò sọ fún ìjọba, kíá, láìtijú. Àwọn mìíràn gbé gbogbo rẹ̀ fún olùdámọ̀ràn ìta. N kò kórìíra àwọn olùdámọ̀ràn. Àwọn tó mọṣẹ́ nínú wọn pọ̀. Síbẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ yín ló wà lórí ìwé, ẹ̀yin ni ìtanràn yóò sì bá. Olùdámọ̀ràn tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò lè mọ ohun tí ọ̀gá àwọn òǹtajà ṣèlérí fún oníbàárà lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Àwọn kan ní tiwọn gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan sí i, wọ́n san owó tí kò tó owó ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n sì rò pé àwọn ti ṣe àtúntò.

Ìṣòro tó wà láàárín ẹ̀ka owó orí àti ẹ̀ka tó ń kó ọjà wọlé ló burú jù lójú mi, òun ni wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré jù. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, ẹni tó mọ̀ nípa ẹrù wà ní Àpápá, ẹni tó mọ̀ nípa owó orí wà ní Ìkẹjà. Ọ̀gá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń jábọ̀ fún. Ọdún lè yí po kí wọ́n má pàdé àfi níbi àríyá ìparí ọdún. Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Òfin tuntun wá so àwọn méjèèjì mọ́ ara wọn: ìnáwó tó yẹ kí VAT wà lórí rẹ̀ tí kò sì sí, tàbí ọjà òkèèrè tí ilé-iṣẹ́ kò san owó ibodè rẹ̀, kò ṣeé yọ kúrò mọ́ nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá ń ṣírò èrè tí yóò san owó orí lé lórí.

Ẹ fọkàn bá mi lọ. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan kó ohun èlò ₦100 mílíọ̀nù wọlé, tí ejẹ́ǹtì sì "bá wọn ṣètò rẹ̀" débi pé wọn kò san owó ibodè. Ní Àpápá, gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti dá owó sí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, olùyẹ̀wò ìjọba jókòó sí Ìkẹjà, ó béèrè ìwé ẹ̀rí owó ibodè. Kò sí. ₦100 mílíọ̀nù náà padà sínú èrè, owó orí èrè ilé-iṣẹ́ ńlá sì jẹ́ 30%. ₦30 mílíọ̀nù nìyẹn, a kò tíì ka 4% ti owó ìdàgbàsókè, a kò tíì ka owó ibodè fúnra rẹ̀ tí àwọn aṣọ́bodè lè padà wá béèrè, a kò sì tíì ka ìtanràn. Akáǹtáǹtì tó wà ní Ìkẹjà ni wọ́n máa kọ ìwé sí pé kó wá sọ ìdí tí wọn kò fi ní lé e. Kò rí ẹrù náà rí. Kò tilẹ̀ mọ orúkọ ejẹ́ǹtì.

Òfin náà ní oore nínú pẹ̀lú. Ó gba ilé-iṣẹ́ láyè láti gba VAT tó san lórí ẹ̀rọ àti lórí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún un padà, ohun tí òfin àtijọ́ kò gbà. Lórí ẹ̀rọ ₦1 bílíọ̀nù, VAT 7.5% jẹ́ ₦75 mílíọ̀nù. Ẹni tí ìwé rẹ̀ pé, tí orúkọ tó wà lórí ìwé èbúté rẹ̀ bá èyí tó wà lórí ìwé owó orí rẹ̀ mu, ni yóò rí owó yìí gbà. Ẹni tí ejẹ́ǹtì fi orúkọ ẹlòmíràn kó ẹrù rẹ̀ jáde yóò máa wò ó bí ẹní ń wo oṣù lójú ọ̀run.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mo ń sọ àsọdùn, kí ó rántí ọ̀rọ̀ MTN. Lọ́dún 2018, ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà pé ó jẹ ìjọba ní nǹkan bí bílíọ̀nù méjì dọ́là: owó ibodè àti VAT lórí ohun èlò tó kó wọlé, àti owó orí tó yẹ kó yọ sílẹ̀ lára owó tó san fún àwọn ará òkè òkun, láti 2007 títí dé 2017. Ilé-iṣẹ́ náà jiyàn, ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, agbẹjọ́rò àgbà fa ìwé náà sẹ́yìn, ó sì ní kí àwọn àjọ tọ́rọ̀ kàn, ìyẹn àjọ owó orí àti àjọ aṣọ́bodè, bójú tó o. N kò fẹ́ dá ẹjọ́ náà níbí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni pé ìwé ẹrù ọdún mẹ́wàá àti ìwé owó orí ọdún mẹ́wàá ni wọ́n kó pọ̀ sínú lẹ́tà kan. Ìjọba ti mọ̀ láti ìgbà náà pé ọ̀ràn kan ni méjèèjì. Ilé-iṣẹ́ tiyín ńkọ́? Bí wọ́n bá béèrè ìwé Form M ọdún 2016 lọ́wọ́ yín lọ́la, ta ni ẹ máa pè? Àbí ẹni tó mọ ibi tó wà ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí Kánádà?

Àwọn kan á sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn olówó nìyí, kí ló kan mẹ̀kúnnù? Ó kàn án gan-an. Ẹ wo ìyá tó ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá kan. Ó gba iṣẹ́ ₦5 mílíọ̀nù. Ìlànà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2025 ní kí ilé-iṣẹ́ yọ 2% lára rẹ̀, ìyẹn ₦100,000, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìjọba lórúkọ ìyá yìí, kí ó lè fi dín owó orí tirẹ̀ kù. Bí kò bá ní nọ́ńbà owó orí, ìlọ́po méjì ni wọn yóò yọ, ₦200,000. Ṣé ẹnìkan nínú ilé-iṣẹ́ náà sọ fún un kó tó se ìkòkò àkọ́kọ́? Bí wọ́n bá yọ owó náà, ṣé wọ́n fi ránṣẹ́ lórúkọ rẹ̀, àbí lórúkọ tí wọ́n ṣì kọ? Ṣé wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí? Mo mọ àwọn òǹtẹ̀wé, àwọn oníbẹǹtiróò àti àwọn awakọ̀ ẹrù tí wọ́n ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ ńlá nítorí ìwé ẹ̀rí yìí láti oṣù dé oṣù. Èsì tí wọ́n ń rí gbà ni pé, "Ẹni tó ń ṣe é ń bá ìwé VAT jà, ẹ padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 21." Ẹnì kan ṣoṣo! Ilé-iṣẹ́ tó ń ta ọjà bílíọ̀nù-bílíọ̀nù, ẹnì kan ṣoṣo ló gbé owó àwọn ọlọ́jà kéékèèké dání. Owó orí tí wọ́n yọ tí ìwé rẹ̀ kò délé, olówó rẹ̀ yóò san án lẹ́ẹ̀kejì.

N kò ní jẹ́ kí ìjọba sá lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, àjọ aṣọ́bodè ní kí àwọn tó ń kó ọjà wọlé bẹ̀rẹ̀ sí í san 4% lórí iye tí wọ́n ra ọjà kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Kò pẹ́ tí wọ́n fi dá a dúró. Ní oṣù Kẹjọ, wọ́n tún gbé e dìde. Ní oṣù Kẹsàn-án, ilé-iṣẹ́ ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n tún dá a dúró. Báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ dá iye lé ọjà lórí irú ilẹ̀ tó ń mì báyìí? Èyí tó tún yani lẹ́nu jù ni ti oṣù Kejìlá ọdún 2025: ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn òfin owó orí bẹ̀rẹ̀, ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin kan dìde, ó ní ìwé òfin tí wọ́n tẹ̀ jáde yàtọ̀ sí èyí tí àwọn dìbò fún. Àwọn tó fẹ́ pa òfin mọ́ wá ń wá òfin tí wọn yóò pa mọ́. Ìtìjú ni fún orílẹ̀-èdè tó ń ka ìtanràn sí aráàlú lọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀: ₦100,000 fún oṣù àkọ́kọ́ tí ìwé owó orí kò bá wọlé, ₦50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn rẹ̀, ₦5 mílíọ̀nù fún ẹni tó bá gbé iṣẹ́ àgbàṣe fún ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ fún owó orí. Ìjọba tó mọ bí a ṣe ń ka ìtanràn gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń tẹ ìwé òfin.

Mo ti gbọ́ àwọn ọ̀gá tó gba ibí yìí yọ: "Kí ni a fẹ́ múra fún, nígbà tí wọ́n á tún yí i padà?" Ìtànjẹ ni. Ẹni tí ìyípadà ń pa jù ni ẹni tí kò ní ẹni tó ń ṣọ́nà. Nígbà tí 4% yẹn dé tó lọ, tó dé tó tún lọ, ilé-iṣẹ́ tó ní ẹ̀ka tó gbọ́n lè ka òfin, kó mọ ẹrù tó wà lójú omi àti ọjọ́ tí yóò gúnlẹ̀, kó sì pinnu ohun tí yóò sọ fún oníbàárà. Àwọn yòókù ń gbọ́ ìròyìn lẹ́nu ejẹ́ǹtì, tó fi tirẹ̀ kún un.

Ohun tí mo ń béèrè kò le. Ẹ kó ẹni tó ń bójú tó ọjà tó ń wọlé àti ẹni tó ń bójú tó owó orí sábẹ́ olórí kan. Ẹ fún olórí náà ní àga nínú yàrá tí ẹ ti ń pinnu, kí ó sì ní àṣẹ láti sọ pé "rárá" kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé. Ẹ má ṣe fi í sábẹ́ ọ̀gá ìtajà, nítorí ọ̀gá ìtajà ni yóò kọ́kọ́ fẹ́ kó dákẹ́. Ẹ rán an lọ sí ẹ̀kọ́, kí ẹ má sì jẹ́ kó dá ṣe é. Bí ó bá ṣàìsàn lọ́jọ́ 20, ṣé ọjọ́ 21 kò ní pé ni? Irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ lè mú owó wọlé pẹ̀lú. Ọjà tí wọ́n ṣe ní Àgbárá, tó sì kún ojú ìlànà ECOWAS, lè gba Sẹ̀mẹ̀ wọ Kùtọnu láìsan owó ibodè, bí ilé-iṣẹ́ bá ti forúkọ ara rẹ̀ àti ọjà náà sílẹ̀. Àdéhùn òwò gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀ náà ń béèrè ìwé ẹ̀rí ibi tí ọjà ti ṣẹ̀. Ìwé ni gbogbo rẹ̀ dá lé, àwọn tó mọ ìwé náà sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí ẹ fi wọ́n sí.

Bí ọ̀gá kan bá ní kò sí owó, kí ó kó gbogbo ìtanràn tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ san láti ọdún 2020 jọ, kí ó fi iye tí ó san fún ejẹ́ǹtì láti "ṣètò" kún un, kó wá fi wé owó oṣù èèyàn mẹ́ta tó mọṣẹ́. Kí ọjọ́ 21 oṣù yìí tó pé, kí ó pe ẹni tó wà ní Àpápá àti ẹni tó wà ní Ìkẹjà sínú yàrá kan, kí ó bi wọ́n léèrè iye àdéhùn tí ilé-iṣẹ́ ṣe lọ́dún yìí tí wọn kò gbọ́ nípa rẹ̀. Kí ó mú ìwé tó nípọn dání, kí ó sì sọ fún akọ̀wé rẹ̀ pé òun lè pẹ́ níbẹ̀.